Òótọ́ àti Irọ́ Nípa Èbù Iṣu

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó gbin ọgọ́rùn-ún iṣu tó ní igba lòun gbìn, bó bá jẹ ọgọ́rùn-ún òtítọ́ tán, yóò wá jẹ ọgọ́rùn-ún irọ́. Kò sí ibi tí òwe yìí ti ń ṣẹ tó ìdí èbù. Ohun tí àgbẹ̀ gbà gbọ́ nígbà tó ń gé èbù, ìgbà tó bá ń wa iṣu ni ilẹ̀ tó ń dá a lóhùn. Láàárín àkókò méjèèjì, ó ti kọ ebè, ó ti ro oko, ó ti fi ọ̀pá ti ìtàkùn. Owó ti lọ, agbára ti lọ.

Nàìjíríà nìkan ló ń gbin nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo iṣu tó ń jáde láyé. Síbẹ̀, irúgbìn iṣu wọ́n ju ti ọ̀pọ̀ ohun ọ̀gbìn lọ. Horo àgbàdo kan lè di ọgọ́rọ̀ọ̀rún horo, ṣùgbọ́n èbù kan kì í sábà mú ju iṣu kan tàbí méjì wá. Ẹ jẹ́ ká ṣírò éékà kan. Bí ebè bá fi mítà kan jìnnà síra, nǹkan bí ebè 4,000 ni yóò wà níbẹ̀. Bí èbù kọ̀ọ̀kan bá wọn gíráàmù 250, tọ́ọ̀nù iṣu kan gbáko la máa bò mọ́lẹ̀ kí a tó retí ohunkóhun. Iṣu tí a ìbá jẹ ni, iṣu tí a ìbá tà ni.

Nítorí náà, ẹni tó fi èbù ṣòfò, oúnjẹ ọdún méjì ló fi ṣòfò pọ̀. Ìdí nìyí tó fi yẹ ká yẹ ohun tí a ń sọ nípa èbù wò lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí tó jẹ́ òótọ́, èyí tó jẹ́ irọ́, àti èyí tí òótọ́ rẹ̀ kò pé. Oko àwọn baba wa ni púpọ̀ nínú ìmọ̀ yìí ti wá. Àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí ọ̀gbìn IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1967, àti ní ilé ìwádìí NRCRI, Umudike, ní ìpínlẹ̀ Abia, ti fi ìwádìí tiwọn kún un.

Irọ́: Orí iṣu nìkan ló ń hù. Àárín àti ìdí kò ṣe é fi ṣe èbù.

Òótọ́: Ibikíbi tí èèpo bá wà lára iṣu ló lè hù. Orí ló máa ń kọ́kọ́ yọ ẹ̀hù, ó sì lè fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú àárín àti ìdí. Ẹni tó bá gbin gbogbo wọn pọ̀ lọ́jọ́ kan náà, tó padà wá wo oko, á rí i pé orí ti yọ, àwọn yòókù kò tíì yọ, á sì gbà pé wọ́n ti kú. Ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ yẹn ti rí ẹsẹ̀ dúró.

Iṣu kò ní ojú bíi ti pòtétò. Pòtétò tí wọ́n ń gbìn ní agbègbè Jos ti ní ojú lára látìgbà tó ti ń ta nínú ilẹ̀, ègé rẹ̀ tí kò bá sì lójú kò lè hù. Ti iṣu yàtọ̀. Lábẹ́ èèpo rẹ̀ ni ìpele tín-ín-rín kan wà tó ṣì wà láàyè, ara ìpele yìí ló sì ti ń dá ẹ̀hù tuntun, ì báà jẹ́ lórí, láàárín tàbí nídìí. Nítorí náà, èèpo ni ká máa wò. Ègé tó funfun yípo, tí kò ní èèpo kankan, á jẹrà sínú ebè ni.

Bí ẹ bá ń gé èbù, ẹ rí i pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ní èèpo tó pọ̀ lára. Lẹ́yìn náà, ẹ kó orí sọ́tọ̀, àárín sọ́tọ̀, ìdí sọ́tọ̀, kí ẹ sì gbin wọ́n sí apá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú oko. Àwọn tó wà ní apá kan á hù pọ̀, ẹ ó sì lè ro wọ́n, kí ẹ fi ọ̀pá tì wọ́n, lákòókò kan náà.

Irọ́: Àwọn kéékèèké tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí a ti ta ńláńlá, àwọn ni èbù.

Òótọ́: Nínú gbogbo àṣà tí a ní nípa èbù, èyí ló ń pa oko jù, torí pé díẹ̀díẹ̀ ló ń pa á, a kì í sì í tètè fura. Iṣu tó ti ara èbù jáde kì í ṣe ọmọ tí takọtabo pa pọ̀ bí. Ìyá rẹ̀ gan-an ló tún dìde. Bí ìyá bá dára fún iyán, òun náà á dára. Bí ìyá bá ní àrùn, ó gbé e wọ inú ebè tuntun.

Nínú àwọn àrùn iṣu, èyí tó ń fara pa mọ́ jù ni ti fáírọ́ọ̀sì kan tó ń mú kí ewé iṣu ní àbààwọ́n pupa rúsúrúsú láàárín àwọ̀ ewé rẹ̀. Àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń fa omi ara ewé mu ló ń gbé e láti orí ìtàkùn kan bọ́ sórí òmíràn. Ìtàkùn tó bá kó o kì í sábà kú. Ó kàn ń ta iṣu kékeré ni. Nígbà tí a bá wá kó ńláńlá lọ sọ́jà, tí a fi kéékèèké pamọ́ fún gbígbìn, àwọn aláìsàn la ń yàn láìmọ̀, lọ́dọọdún. Bó bá yá, a ó máa sọ pé ilẹ̀ ti gbó. Òótọ́ ni pé ilẹ̀ máa ń gbó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣí lọ sórí ilẹ̀ tuntun tí iṣu kò tún tóbi, ẹ yẹ èbù yín wò.

Kì í ṣe pé iṣu kékeré burú. Iṣu kékeré tó ti ìdí ìtàkùn tó le koko wá ni èbù tó dára jù lọ, nítorí pé odindi la ó gbìn ín, kò ní ojú ọgbẹ́ tí ìdíbàjẹ́ lè gbà wọlé. Ìtàkùn tó ti wá ló ṣe pàtàkì, nígbà tí a bá sì ti wa iṣu tán, tí gbogbo rẹ̀ ti pọ̀ mọ́ra nínú abà, kò sẹ́ni tó tún lè mọ èyí tó ti ìdí ìtàkùn wo wá. Inú oko la ti ń yan èbù, nígbà tí ewé ṣì tutù. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin sí márùn-ún lẹ́yìn gbígbìn, ẹ rìn yí oko ká, kí ẹ so aṣọ pupa tàbí ọ̀rá mọ́ ọ̀pá àwọn ìtàkùn tí ewé wọn dán, tí kò ní àbààwọ́n, tí kò ká kò. Ìdí àwọn yẹn nìkan ni kí ẹ ti mú èbù ọdún tó ń bọ̀.

Àwọn tó ń wa iṣu lẹ́ẹ̀mejì ní àǹfààní kan níbí. Ní nǹkan bí oṣù márùn-ún sí mẹ́fà, wọ́n á yẹ ebè díẹ̀, wọ́n á gé iṣu tuntun kúrò lábẹ́ orí rẹ̀, wọ́n á fi orí àti gbòǹgbò sílẹ̀ nínú ebè, wọ́n á sì kó ilẹ̀ bò ó padà. Kí ìtàkùn náà tó gbẹ, á tún ta iṣu kéékèèké tó ṣe é gbìn lódindi. Bó bá jẹ́ ìtàkùn tí a so aṣọ mọ́ la ṣe èyí fún, èbù gidi la rí yẹn.

Ẹ tún yẹ èèpo wò. Àwọn aràn inú ilẹ̀ kan wà tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n ń wọ iṣu láti oko. Irú kan ń mú kí èèpo sán, kí abẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ pọ́n rúsúrúsú, kó wá di dúdú gbígbẹ. Irú mìíràn ń mú kí ara iṣu yọ kókó káàkiri. Ibi tí ẹ bá fura sí, ẹ fi ọ̀bẹ ha èèpo ibẹ̀ díẹ̀. Bí abẹ́ rẹ̀ bá ti dúdú, ẹ má gbìn ín. Ẹ má sì gé ibi tó bàjẹ́ kúrò kí ẹ gbin ìyókù, nítorí aràn náà ti lè wà níbi tí ìbàjẹ́ kò tíì hàn. Ó ń bá èbù lọ sínú ilẹ̀ tuntun ni, ibẹ̀ ni yóò sì ti máa dúró de iṣu tí a bá tún gbìn síbẹ̀.

Ẹni tí gbogbo èbù rẹ̀ ti bàjẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ní IITA, àwọn onímọ̀ ti ń gbin iṣu tí gbòǹgbò rẹ̀ kò kan ilẹ̀ rárá. Inú àpótí ni gbòǹgbò ń gbé rọ̀ sínú afẹ́fẹ́, tí wọ́n ń fọ́n omi tó ní oúnjẹ ohun ọ̀gbìn sí i. Níbi tí kò bá ti sí ilẹ̀, aràn inú ilẹ̀ kò rọ́nà gbà. Irú iṣẹ́ yìí ló ń pèsè èbù mímọ́ fún àwọn tó ń gbin èbù tà, àjọ NASC ló sì ń fi òǹtẹ̀ lu irúgbìn tó bá yege ní Nàìjíríà. Bí ẹ bá fẹ́ ra èbù, ẹ béèrè òǹtẹ̀ yẹn, tàbí kí ẹ lọ wo oko ẹni tó fẹ́ tà á fún yín nígbà tí ewé ṣì wà lórí ìtàkùn.

Irọ́: Èbù ńlá nìkan ló wúlò.

Òótọ́: Eléyìí ní òótọ́ nínú, ṣùgbọ́n kò pé. Ara èbù ni ẹ̀hù ti ń jẹun kí ewé tó yọ, nítorí náà èbù tó tóbi díẹ̀ máa ń gbé ìtàkùn tó lágbára jáde, ìtàkùn tó lágbára ló sì ń ta iṣu ńlá. Ẹni tó ń gbin iṣu fún ọjà tàbí fún iyán, èbù gíráàmù 250 sí 500 kò pọ̀ jù fún un.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ èbù la fẹ́ sọ di púpọ̀, ọ̀nà mìíràn wà. Ní ìparí àwọn ọdún 1970 àti láàárín àwọn ọdún 1980, NRCRI àti IITA gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ tó ń lo ègé gíráàmù 25 péré. Wọ́n á mú iṣu tí ara rẹ̀ dá, tó ti fẹ́ máa hù, wọ́n á gé e ní bìrìkìtì tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2, wọ́n á wá pín bìrìkìtì kọ̀ọ̀kan sí wẹ́wẹ́, kí ègé kọ̀ọ̀kan sì ní èèpo. Iṣu kílò kan tí àgbẹ̀ ìbá gé sí èbù mẹ́rin máa ń mú irú ègé bẹ́ẹ̀ tó lé ní 30 wá. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi oògùn tàbí eérú ra á, tí ojú rẹ̀ sì ti gbẹ, wọ́n á tò ó sínú agbọ̀n tàbí àpótí tó ní lẹ́búlẹ́bú pákó láti sọ́míìlì, èyí tí wọ́n ti fi omi tù díẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ọ̀pọ̀ á ti hù. Àwọn tó hù ni wọ́n ń kó lọ sóko, sórí ebè gígùn, tí wọ́n á fi sẹ̀ǹtímítà 25 jìnnà síra.

Àwọn kan dán ọ̀nà yìí wò, wọ́n retí iṣu ńlá, wọ́n bá kékeré nínú ebè, wọ́n sì sọ pé ẹ̀tàn ni. Kì í ṣe ẹ̀tàn. Odindi èbù ọdún tó ń bọ̀ ni ègé gíráàmù 25 ń ta, kì í ṣe iṣu ọjà. Níbi tí òjò kì í bá ti dúró déédéé, ègé gíráàmù 50 sí 80 ló sàn, torí pé ó ní oúnjẹ lára tí yóò fi fara da ọ̀dá ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Irọ́: Bí ẹ̀hù bá ṣe gùn tó ni èbù ṣe dára tó.

Òótọ́: Ẹ̀hù tó gùn ti jẹ nínú oúnjẹ tó yẹ kí èbù gbé lọ sóko. Ìtàkùn iṣu máa ń lọ jìnnà kó tó yọ ewé, gbogbo ìgbà yẹn sì ni ara iṣu ló ń bọ́ ọ. Bó bá ti gùn nínú abà, á ṣẹ́ nígbà tí a bá ń gbé e, nígbà tí a bá ń to ó sínú ọkọ̀, tàbí nígbà tí a bá ń kó ilẹ̀ bò ó. Àkókò tó dára jù láti gé èbù àti láti gbìn ín ni ìgbà tí ẹ̀hù ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ orí bí kókó kékeré lára èèpo.

Bí ẹ̀hù bá ṣẹ́, èbù kò kú. Òmíràn á yọ, ṣùgbọ́n á pẹ́, agbára rẹ̀ á sì dín. Iṣu tí a fẹ́ jẹ la lè máa ré ẹ̀hù rẹ̀ kúrò lásìkò kí ó lè pẹ́ nílẹ̀. Èyí tí a yà sọ́tọ̀ fún gbígbìn, ẹ má máa ré e ní àrétúnré.

Irọ́: Ohun tó bá bá pòtétò mu ló bá iṣu mu.

Òótọ́: Inú ilẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti ń ta, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ẹbí. Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tó ń jáde lórí fóònù lónìí, pòtétò ni wọ́n kọ ọ́ fún, ẹni tó bá sì lò ó fún iṣu á pàdánù.

Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀rọ̀ òtútù. Èbù pòtétò ṣe é tọ́jú sínú yàrá tó tutù tó nǹkan bí ìwọ̀n 4 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Iṣu kò gbọdọ̀ débẹ̀. Bí òtútù bá ti lọ sísàlẹ̀ nǹkan bí ìwọ̀n 12, inú iṣu á bàjẹ́, á sì jẹrà nígbà tí a bá gbé e jáde. Abẹ́ ibòji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí ni ilé iṣu.

Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ jíjí. Iṣu funfun máa ń sùn fún nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́rin lẹ́yìn ìwàjáde kó tó hù, kò sì sí omi tàbí ìtọ́jú abà tó ń jí i ṣáájú àkókò rẹ̀. Èròjà gibberellin tí wọ́n fi ń jí pòtétò, ńṣe ló ń mú kí oorun iṣu gùn sí i. Ẹni tó bá rẹ èbù sínú rẹ̀ nítorí pé ó ṣiṣẹ́ fún pòtétò á dúró títí.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ májèlé. Pòtétò tó ti hù, tí ara rẹ̀ sì ti di àwọ̀ ewé, ní èròjà solanine púpọ̀, ó lè dá inú rú, ó sì lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí èyí, àwọn kan ń kó iṣu tó hù dànù. Iṣu kò ní solanine. Iṣu oko wa tó hù, tí inú rẹ̀ ṣì funfun tó sì le, ẹ ré ẹ̀hù rẹ̀ kúrò, kí ẹ sè é jẹ. Adùn rẹ̀ lè ti dín díẹ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ ni. Èyí tó bá jẹrà ni kí ẹ sọ nù.

Irọ́: Eérú ń wo àrùn èbù. Bí a bá ti fi ra á, a lè gbìn ín lọ́jọ́ náà.

Òótọ́: Àwọn baba wa kò ṣi ọ̀nà tí wọ́n fi eérú ra ojú èbù. Eérú igi ń fa omi ojú ọgbẹ́ gbẹ, kì í sì í jẹ́ kó rọrùn fún ohun tó ń mú èbù bu láti dúró síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ọgbẹ́ ni agbára rẹ̀ mọ. Fáírọ́ọ̀sì tó wà nínú iṣu, eérú kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Aràn tó ti wọ abẹ́ èèpo, eérú kò dé ọ̀dọ̀ tiẹ̀ náà. Èbù aláìsàn tí a fi eérú kùn, aláìsàn ló ṣì jẹ́.

Ohun tó ń dáàbò bo èbù jù ni iṣẹ́ tí iṣu ń ṣe fúnra rẹ̀. Bí egbò ara èèyàn ṣe ń sé, bẹ́ẹ̀ ni iṣu ṣe ń hun èèpo tuntun sójú ibi tí a gé. Iṣẹ́ yìí nílò ọjọ́ mélòó kan, ibòji, ooru díẹ̀ àti afẹ́fẹ́. Bí a bá gé èbù láàárọ̀ tí a gbìn ín lọ́sàn-án, pàápàá nígbà tí ilẹ̀ bá tutù rinrin, ọgbẹ́ náà ṣì wà ní gbangba nígbà tó dé àárín àwọn ohun tó ń mú nǹkan jẹrà. Ẹ jẹ́ kí èbù sinmi fún ọjọ́ kan ó kéré tán, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta sì sàn jù, kí ẹ tẹ́ ẹ láìkó o jọ gègèrè. Ẹ má sá a sí oòrùn ọ̀sán. Oòrùn á sun ojú rẹ̀ le lóde, inú rẹ̀ á máa jẹrà lọ.

Ẹ tún ṣọ́ ọ̀bẹ. Ọ̀bẹ tó gé iṣu jíjẹrà tó wá gé èyí tó dára ti gbé ìbàjẹ́ lọ síbẹ̀. Ẹ gbé omi ọṣẹ tàbí omi bílíìṣì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kí ẹ máa fọ ọ̀bẹ níbẹ̀ lẹ́yìn iṣu kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ oògùn ọjà lẹ fẹ́ rẹ èbù sí, ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba àdúgbò yín èyí tí òfin ṣì fàyè gbà, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sè nínú èbù tí a ti rẹ sí oògùn.

Irọ́: Bí ojú ibi tí a gé kò bá kọ sí ibi tó yẹ, èbù kò ní hù.

Òótọ́: Ẹ̀hù mọ òkè. Bó bá ti yọ, á yíra padà, á gba ọ̀nà tirẹ̀ jáde. Èbù tó ti hù nìkan la ní láti fi ìṣọ́ra gbé, kí a kọ ẹ̀hù rẹ̀ sókè kó má baà ṣẹ́. Ooru ilẹ̀ ló ń pa èbù ju bí a ṣe gbé e kalẹ̀ lọ. Ẹ rì í tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, kí ẹ sì fi koríko gbígbẹ tàbí ewé dé ebè lórí, pàápàá bó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀rùn lẹ gbìn ín, kí òjò tó dé.

Ibi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀

Gbogbo ohun tí a ti sọ yìí, orí ìlera ìtàkùn ló dúró lé. Ọ̀bẹ mímọ́, eérú, ibòji àti lẹ́búlẹ́bú pákó, èbù tí ara rẹ̀ dá ni wọ́n lè ràn lọ́wọ́. Wọn kò lè sọ aláìsàn di alára dídá.

Bí ewé bá ṣì tutù lóko yín lónìí, ẹ má dúró de ọjọ́ ìwàjáde. Ẹ wá aṣọ, ẹ rìn wọ àárín ebè. Bí ẹ bá rí ìtàkùn 30 péré tó dá ṣáká, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ta iṣu kílò kan, ègé gíráàmù 25 tó lé ní 900 ló wà lọ́wọ́ yín. Oko tuntun ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, láìra ẹyọ èbù kan lọ́jà.